Òòfà tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Bí Niútírọ́ọ̀nù Ṣe Di Ohun Èlò Ìwádìí

1. Ìfáárà

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ wí tẹnu mi. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo yàn láàyò. Ìjálá, rárà àti oríkì ni mo sì ti ń wádìí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ rí báyìí bá wá dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú irin àti òkúta, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè pé ta ni ó rán an níṣẹ́.

Ìdí méjì ni mo ní. Èkíní ni pé ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn kì í sì í ṣe ohun ìní onímọ̀ físíìsì nìkan. Láti ọdún 1970 tí ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, àríyànjiyàn kò tí ì tán lórí bóyá èdè wa tó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ í rù. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ní orí kan kò lè ru ẹrù kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ẹrù náà kà á lórí wò.

Ìdí kejì ni ó jẹ mí lógún jù. Nínú ìtàn ẹ̀rọ yìí, ìbéèrè kan wà tí ó ti ń gún mi lára tipẹ́: nígbà tí iṣẹ́ bá yọrí sí rere, orúkọ ta ni a ń dá? Èmi náà ní ẹjọ́ láti rò lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì rò ó kí n tó jókòó.

2. Oko ebè

Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ohun líle ayé, iyọ̀ ọbẹ̀, irin, òkúta iyebíye, ni ó jẹ́ pé átọ́ọ̀mù inú wọn tò létòlétò. Ẹ rántí oko iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè rẹ̀ tán. Bí ènìyàn bá dúró sí igun kan, ebè ni yóò máa rí káàkiri. Bí ó bá sún síwájú díẹ̀, àlàfo gbọọrọ kan á là láàrin ebè, yóò sì rí òdìkejì oko. Bí ó bá tún sún, àlàfo mìíràn á là níhà mìíràn. Ẹni tí ó bá ṣàkíyèsí ibi tí àlàfo kọ̀ọ̀kan ti là lè mọ bí ebè ti jìnnà síra tó láìwọ inú oko. Ohun líle tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò báyìí ni a ń pè ní kírísítálì.

Ní ọdún 1912, Max von Laue àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tan ẹ́síréè sí kírísítálì, wọ́n sì rí i pé ìtànṣán náà jáde ní òdìkejì gẹ́gẹ́ bí àmì tó-tò-tó tí ó ní ètò. Kò pẹ́ tí bàbá àti ọmọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Henry Bragg àti William Lawrence Bragg, fi ṣe àlàyé òfin tí ó so igun tí ìtànṣán ń gbà jáde pọ̀ mọ́ àlàfo tí ó wà láàrin ìlà átọ́ọ̀mù. Àwọn méjèèjì jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1915. Ọmọ ọdún 25 péré ni ọmọ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára ẹ́síréè mọ wà. Ara àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó yí átọ́ọ̀mù ká ni ẹ́síréè ti ń ta padà. Átọ́ọ̀mù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀, bí òjé, ni ó ń hàn sí i ketekete. Haidirójìn, tí ẹyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré wà lára rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn rárá. Bí ó bá wà nítòsí òjé, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyáàlù. Bákan náà, átọ́ọ̀mù mìíràn jẹ́ òòfà kékeré tí ó kọjú sí ibì kan. Ẹ́síréè ìgbà náà rí ebè, kò mọ ibi tí ebè kọjú sí.

3. Ọmọ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni

Ní 1932, ní Cambridge, James Chadwick fi hàn pé nǹkan kan wà ní ìdí átọ́ọ̀mù tí ó wúwo tó pírótọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n tí kò ní agbára iná mànàmáná kankan lára. Òun ni niútírọ́ọ̀nù. Ẹ̀bùn Nobel ti 1935 ni wọ́n fi kí i fún iṣẹ́ náà. Nítorí pé kò gbè sẹ́yìn iná kankan, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè lé e sẹ́yìn, ó sì lè wọ inú irin lọ jìnnà kí ohunkóhun tó dá a dúró.

Ohun mẹ́ta ni ó wá sọ ọ́ di ohun èlò. Lọ́nà kìíní, Louis de Broglie ti sọ nínú ìwé ìwádìí oyè rẹ̀ ní 1924 pé ohun tí ó bá ń rìn a máa hùwà bí ìgbì. Niútírọ́ọ̀nù tí ìgbóná rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti inú yàrá ń sáré tó nǹkan bí 2,200 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà 10,000,000,000, ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí ìpín 1.8 nínú rẹ̀. Bí àlàfo tí ó wà láàrin átọ́ọ̀mù inú kírísítálì náà ti rí nìyẹn. Lọ́nà kejì, agbára tí niútírọ́ọ̀nù gbé lọ́wọ́ kò jìnnà sí agbára tí átọ́ọ̀mù fi ń gbọ̀n ní ipò rẹ̀. Lọ́nà kẹta, niútírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà kékeré. Òòfà sì mọ òòfà.

Ní 1936, Hans Halban àti Peter Preiswerk ní Paris, pẹ̀lú Mitchell àti Powers ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé lóòótọ́ ni kírísítálì ń darí niútírọ́ọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ó ti ń darí ẹ́síréè. Ṣùgbọ́n niútírọ́ọ̀nù tí wọ́n ń rí kó jọ lọ́jọ́ wọnnì kéré jọjọ. Ìrì ni wọ́n ń gbọ̀n sínú ìkòkò. Kò lè kún.

4. Ààrò ogun

Ogun ni ó mú odò wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1942, ní Chicago, Enrico Fermi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ to yùréníọ̀mù àti bíríkì gíráfáìtì, irú ohun dúdú tí ó wà nínú pẹ́ńsù, lé ara wọn gègèrè, wọ́n sì mú kí fífọ́ átọ́ọ̀mù kan máa bí fífọ́ òmíràn láìdáwọ́dúró. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ sí rìákítọ̀. Lára àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ernest Omar Wollan, tí a bí ní 1902, tí ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Arthur Compton lórí bí ẹ́síréè ti ń túká. Òun ni ó wà lára àwọn tí ó ṣe fíìmù kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ kí wọ́n lè mọ iye ìtànṣán olóró tí ó ti wọ̀ wọ́n lára.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún 1943, rìákítọ̀ tí ó tóbi ju ti Chicago lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́: wọn kò kọ́ ọ nítorí ìmọ̀. Wọ́n kọ́ ọ kí wọ́n lè mọ bí a ti í ṣe plutóníọ̀mù. Plutóníọ̀mù sì ni ó wà nínú bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Nagasaki ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 1945.

Inú ilé yẹn, nígbà tí ogun ṣì ń jà, ni Wollan ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1944. Ohun tí ó tọrọ kò pọ̀: kí wọ́n jẹ́ kí òun lo niútírọ́ọ̀nù tí ó ń gba ojú ihò kan lára rìákítọ̀ jáde, kí òun wò ó bóyá ó lè ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ́síréè ń ṣe. Wọ́n gbà fún un. Ó wá irú ẹ̀rọ tí a ń lò fún ẹ́síréè, ó tún un tò kí ó lè bá niútírọ́ọ̀nù mu, nígbà tí ó sì fi máa di òpin ọdún náà, òun àti Lyle Borst ti ń ka niútírọ́ọ̀nù tí ó ń ta padà lára kírísítálì.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1946 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Clifford Shull, dé bá a. Ní Pittsburgh ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ni ó ti ṣiṣẹ́ nígbà ogun. Ó bá ẹ̀rọ nílẹ̀, ó bá ọ̀nà ní lílà, òun àti Wollan sì di ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Ní 1948 wọ́n tọ́ka ibi tí haidirójìn wà nínú èròjà kan tí ó ní sódíọ̀mù, ohun tí ẹ́síréè kò lè ṣe. Ní 1949, àwọn àti Davidson wo inú yìnyín. Linus Pauling ti sọ ní 1935 pé láàrin ọ́síjìn méjì tí ó bá wà nítòsí ara wọn nínú yìnyín, haidirójìn kan ni ó wà, pé ó súnmọ́ ọ̀kan ju ìkejì lọ, àti pé kò sí òfin kan tí ó sọ èyí tí yóò súnmọ́ jálẹ̀jálẹ̀ inú yìnyín. Niútírọ́ọ̀nù jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí.

Kò sí ẹ̀gàn fún ẹ́síréè nínú èyí. Títí di òní ni a ń lo àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

5. Òòfà tí ó fara pamọ́

Ọ̀rọ̀ òòfà ni ó wá sọ iṣẹ́ wọn di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́. Láàrin 1932 sí 1936, Louis Néel ní ilẹ̀ Fáránsé ti gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè fi ojú rí ẹ̀rí rẹ̀. Ó ní àwọn ohun kan wà tí ó kún fún òòfà kékeré, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fa irin. Ìdí ni pé òòfà inú wọn kọ ẹ̀yìn síra: bí ọ̀kan bá kọjú sí ìlà-oòrùn, èyí tí ó tẹ̀lé e á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ọ̀kan ti ń fà síhìn-ín ni ìkejì ń fà sọ́hùn-ún, ẹni tí ó bá dúró lóde yóò sì rò pé kò sí okùn kankan lọ́wọ́ wọn.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a padà sí oko. Bí ebè bá tò ní ìlà, tí a sì fi ọ̀pá kan gún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pá kan tẹ̀ sápá ọ̀tún, tí èkejì tẹ̀ sápá òsì, bẹ́ẹ̀ lọ títí, ẹni tí ó ń wo ebè nìkan yóò ní ètò náà ń padà wá ní ebè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń wo ọ̀pá yóò ní rárá, ó di ebè méjì-méjì kí ètò náà tó padà wá. Fún ẹni tí ó rí ọ̀pá, àwọn àlàfo tuntun yóò là ní ibi tí kò ti yẹ kí àlàfo wà.

Ohun tí Shull àti Samuel Smart rí gan-an nìyí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1949. Wọ́n fi niútírọ́ọ̀nù wo mángáníìsì ọ́ksáìdì. Nígbà tí ó wà ní ìwọ̀n ìgbóná inú yàrá, wọn kò rí ohun tuntun tí ó dúró gbọnyin-gbọnyin. Nígbà tí wọ́n mú un tutù dé nǹkan bí 193 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, àmì tuntun yọ ní ibi tí ẹ́síréè kò ti rí ohunkóhun rí, ipò tí àmì náà sì wà fi hàn pé ètò òòfà inú rẹ̀ gùn ní ìlọ́po méjì ètò átọ́ọ̀mù. Nǹkan bí 155 nísàlẹ̀ òdo ni ètò náà ti ń tú ká bí ohun náà bá ń móoru. Ní 1951, Shull, Wollan àti Koehler tún wo òkúta òòfà tí àwọn ará àtijọ́ mọ̀, wọ́n sì rí i pé àgbékalẹ̀ Néel nípa òun náà tọ̀nà: òòfà inú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra, ṣùgbọ́n apá kan pọ̀ ju ìkejì lọ, ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó ń fa irin. Néel gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1970.

Èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ oríkì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ohun tí ó dákẹ́ lójú ẹni tí ó wà lóde lè jẹ́ ohun tí ariwo méjì ń pa lẹ́nu mọ́ nínú ilé.

6. Olóríkèé mẹ́ta

Títí di ìgbà yìí, ibi tí átọ́ọ̀mù wà ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n rẹ̀ ń ran aládùúgbò rẹ̀, ó sì ń rìn bí ìgbì lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kírísítálì dé òpin. Ìgbì yìí ni ó ń gbé ooru kọjá lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun líle. Ta ni yóò wọn ìgbì tí ojú kò lè rí, tí etí kò lè gbọ́?

Bertram Brockhouse ni. Lethbridge ní Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1918. Ó ti fi títún rédíò ṣe wá oúnjẹ òòjọ́ rí. Nígbà ogun, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọmọ ogun ojú omi ni láti máa tọ́jú ẹ̀rọ tí ń pariwo sínú òkun tí ó sì ń gbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀. Ní 1950 ni ó dé Chalk River, níbi tí rìákítọ̀ NRX wà, ọ̀kan lára àwọn tí niútírọ́ọ̀nù wọn pọ̀ jù lọ láyé nígbà náà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1952, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí rìákítọ̀ náà. Lára àwọn tí ó wá bá wọn tú u palẹ̀ ni ọ̀dọ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jimmy Carter, tí ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, Brockhouse lọ ṣiṣẹ́ ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá.

Ẹ̀rọ tí ó ṣe ní àárín àwọn ọdún 1950 ni sípẹ́kítírómítà olóríkèé mẹ́ta. Mo fún un ní orúkọ yìí nítorí pé ibi mẹ́ta ni ó ti ń yí. Ní oríkèé kìíní, kírísítálì kan dúró bí oníbodè: nínú ọ̀wọ́ niútírọ́ọ̀nù tí ń ti inú rìákítọ̀ bọ̀, àwọn tí eré wọn jẹ́ iye kan ṣoṣo ni ó ń darí kọjá. Ní oríkèé kejì ni ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò wà. Ní oríkèé kẹta, kírísítálì mìíràn tún yẹ eré niútírọ́ọ̀nù tí ń jáde wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń kà wọ́n.

Kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Bí a bá ka owó ọwọ́ obìnrin kan ní ẹnu ọ̀nà ọjà, tí a tún kà á nígbà tí ó ń jáde, a ó mọ ohun tí ó ná tàbí ohun tí ó jèrè, bí a kò tilẹ̀ bá a wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni niútírọ́ọ̀nù. Bí eré rẹ̀ bá dín kù, ó ti fi agbára sílẹ̀ fún ìgbì kan nínú kírísítálì. Bí ó bá pọ̀ sí i, ó ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Igun tí ó gbà jáde sì ń sọ gígùn ìgbì náà àti ibi tí ó dorí kọ. Ní 1955, Brockhouse àti Stewart tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí alumíníọ̀mù jáde. Ní 1957, ó fi ẹ̀rọ kan náà rí ìgbì òòfà nínú òkúta òòfà: òòfà kan yẹ̀ díẹ̀, ó mú èyí tí ó tẹ̀lé e yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rìn lọ bí atẹ́gùn lórí koríko.

7. Bí ìmọ̀ ti rìn

Ọ̀kan lára àwọn tí ó bá Brockhouse ṣiṣẹ́ ní Chalk River ni ọmọ Íńdíà kan, P. K. Iyengar. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ó wà lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí jẹmáníọ̀mù, tí ó jáde ní 1958. Iyengar padà sí Trombay ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kò dúró de ẹni tí yóò ta ẹ̀rọ fún un. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó kó jọ fi ọwọ́ ara wọn kan sípẹ́kítírómítà tiwọn. Ní 1960, rìákítọ̀ tí Kánádà bá wọn kọ́ ní ìlànà NRX bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Inú mi dùn sí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n n kò ní gé e síbi tí ó dùn. Inú rìákítọ̀ náà ni plutóníọ̀mù ti wá tí Íńdíà fi dán bọ́ǹbù rẹ̀ wò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1974, Iyengar sì wà lára àwọn tí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà. Láti Oak Ridge dé Trombay, ààrò kan náà ni ó ń dáná fún ìmọ̀ àti fún ikú. Ẹni tí ó bá sọ apá kan ìtàn yìí láìsọ ìkejì ti purọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1967, Fáránsé àti Jámánì, tí wọ́n ti bá ara wọn jagun lẹ́ẹ̀mẹta láàrin àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà kí ogun àgbáyé kejì tó parí, jọ dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Grenoble. Rìákítọ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ ní 1973. Wọn kò kọ́ ọ fún bọ́ǹbù. Nítorí niútírọ́ọ̀nù tí yóò máa jáde láti ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lo ọ̀nà tuntun tí Ferenc Mezei ará Họ́ńgárì gbé jáde ní 1972, èyí tí ó ń fi yíyí òòfà niútírọ́ọ̀nù ka àyípadà kíkéré jọjọ nínú eré rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ tí kò nílò rìákítọ̀ dé, tí wọ́n ń fi pírótọ́ọ̀nù lu irin wíwúwo kí niútírọ́ọ̀nù lè ta jáde: ISIS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984, àti èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Oak Ridge ní 2006. Nígbà tí wọ́n rí àwọn ohun tí ń gbé iná mànàmáná kọjá láìfi nǹkan ṣòfò ní ìwọ̀n òtútù tí ẹnikẹ́ni kò rò, ní 1986 àti 1987, niútírọ́ọ̀nù ni ó tọ́ka ibi tí ọ́síjìn wọn wà dájúdájú.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Rìákítọ̀ ìwádìí kan wà ní Zaria láti 2004. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kílówáàtì lọ, nígbà tí ti Grenoble jẹ́ nǹkan bí 58,000. Ó wúlò fún mímọ èròjà tí ó wà nínú erùpẹ̀, oúnjẹ àti òkúta, ṣùgbọ́n odò rẹ̀ kò tó èyí tí sípẹ́kítírómítà olóríkèé mẹ́ta lè wẹ̀. N kò sọ èyí láti fi kẹ́gàn. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ ibi tí a dúró sí.

8. Àga tí ó ṣófo

Mo dé ibi tí mo ń lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, wọ́n kéde pé Shull àti Brockhouse ni yóò pín Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Àwọn tí ó fi ẹ̀bùn náà lọ́lẹ̀ ṣàlàyé pé èkíní jẹ́ kí ayé mọ ibi tí átọ́ọ̀mù wà, èkejì jẹ́ kí ayé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ ọdún 79 ni Shull, ọmọ ọdún 76 ni Brockhouse. Ó ti tó ọdún 45 tí iṣẹ́ lórí mángáníìsì ọ́ksáìdì ti jáde.

Wollan kò sí níbẹ̀. Ó ti kú ní oṣù Kẹta ọdún 1984, ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Òfin ẹ̀bùn náà sọ pé ènìyàn mẹ́ta lè jọ pín in, ó sì tún sọ pé a kì í fi fún òkú. Àwọn méjì ni wọ́n pè. Àga kẹta ṣófo.

Kí a má ṣe dá Shull lẹ́bi. Ó dárúkọ Wollan ní gbangba, ó sì sọ pé ó dun òun pé ikú kò jẹ́ kí ó bá òun pín nínú iyì náà. Àwọn tí ó ṣe òfin náà ní ìdí tiwọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìwé kékeré tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa tẹ̀lé orúkọ ẹlẹ́bùn. Ẹni tí kò bá sí lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn a máa di ẹni tí kò sí rárá. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà 1944, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ sí ẹnu ihò rìákítọ̀, ti ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Àṣà oríkì kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí akéwì bá fẹ́ kí ẹni tí ó wà láàyè, òkú ni ó kọ́kọ́ ń kì. Baba, baba baba, ẹni tí ó tẹ ìlú dó, ẹni tí ó kọ́kọ́ dáko síbẹ̀: gbogbo wọn ni yóò pè kí ó tó kan ẹni tí ó jókòó sórí ìtẹ́. Kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ lásán ni. Ọ̀nà ìmọ̀ ni. Ó ń sọ fún ẹni tí a ń kì pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó fi ń rìn.

Síbẹ̀, ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ yìí tán. Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, bàbá ọdẹ kan wà ní agbègbè Ògbómọ̀sọ́ tí ó sun ìjálá fún mi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Kì í ṣe pé ó sun ún nìkan. Òun ni ó fi hàn mí pé ohun tí mo ń pè ní oríkì ẹranko kan náà jẹ́ méjì, pé ìlò wọn yàtọ̀. Òun ni ó sọ ibi tí mo ti gbọ́ ohùn lódì. Orí kẹrin ìwé mi, tí àwọn ènìyàn ń yìn títí di òní, ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá yìí ni. Ó kú kí wọ́n tó di ìwé náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlà kan, láàrin ẹni tí ó yá mi ní ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ àti ẹni tí ó bá mi tẹ iṣẹ́ náà. Orúkọ èmi nìkan ni ó wà lẹ́yìn ìwé. Èmi tí mo ń fi oríkì jẹun ni mo ṣe èyí, kò sì sí òfin Nobel kankan tí ó dì mí lọ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo ka ìtàn Wollan, ara mi kò gbà á. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tí ń tẹ ìwé náà pé bí wọn yóò bá tún un tẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ bàbá náà sí orí kẹrin gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ jù fún un. Kò pẹ́ jù fún ẹni tí yóò kà á.

9. Ìkádìí

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀. Rìákítọ̀ Oak Ridge tí Wollan lò ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti 1963. Àwọn ènìyàn ń lọ wò ó bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. NRU, tí ó wà ní Chalk River, tí Brockhouse àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kú ní 2018. Shull kú ní 2001, Brockhouse ní 2003, Iyengar ní 2011. Ẹ̀rọ olóríkèé mẹ́ta ṣì ń yí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, mo ti sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan lórí niútírọ́ọ̀nù, n kò sì rí ibi tí èdè wa ti sọ ẹrù kalẹ̀. Oko ebè, oníbodè àti owó ọjà ni ó bá wa gbé e. Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó la ọ̀nà sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè, nítorí àwọn tí ń fúnni lẹ́bùn a máa pẹ́ dé. Fún ẹ̀yin tí ìṣàkóso wà lọ́wọ́ yín, ẹ rántí pé ẹni tí yóò dáná rìákítọ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ní gbangba ohun tí ó fẹ́ fi sè.

Ernest Omar Wollan, ọmọlẹ́yìn Compton, ẹni tí ó dúró ti Fermi ní Chicago, ẹni tí ó ṣí ihò ààrò ogun kí ìmọ̀ lè gba ibẹ̀ jáde: òun ni mo kọ́kọ́ kí lálẹ́ òní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kí Shull, lẹ́yìn Shull ni mo kí Brockhouse. Mo kí ẹ̀yin náà.